Màmá Tó Bá Mi Wọ Aṣọ Ọ̀fọ̀

Halelúyà! Ará, ẹ bá mi gbé ìyìn fún Ọba tí kò jẹ́ kí wọ́n tú àwọn ọmọ mi ká! Bí ohùn mi bá ń gbọ̀n, ẹ má bínú. Ẹ̀rù ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán lára mi.

Àsìkò ọ̀wọ́n oúnjẹ tí à ń tò torí ìrẹsì àti mílíìkì ni ọkọ mi kú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Àǹtí Bísí, ní bí n kò bá ríṣẹ́, ẹbí yóò pín àwọn ọmọ mi: ọ̀kan sí Odògbólú, ọ̀kan sí Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, àbíkẹ́yìn sí Èkó. Mo sunkún, mo gbàdúrà. Ọlọ́run gbọ́! Ilé ìwòsàn kan ní Ìjẹ̀bú-Òde pè mí fún intafíù, iṣẹ́ wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé.

Ọ̀rẹ́ mi tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kìlọ̀ fún mi: "Ìyá Táyọ̀, má wọ dúdú wá o! Mátírónì wa kì í fẹ́ kí ìyá tọ́mọ ẹ̀ ń ṣàìsàn rí aṣọ ọ̀fọ̀. Funfun ni kó o wọ̀."

Ọ̀fọ̀ mi kò tíì pé. Nílé ọkọ mi, opó tó bá bọ́ dúdú ṣáájú àsìkò, wọn a ní òun ló pa ọkọ rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ intafíù náà, mo ká aṣọ funfun tí mo fi ń gba Oúnjẹ Olúwa sínú báàgì, kí n lè pààrọ̀ nílé ọ̀rẹ́ mi. N kò tíì dẹ́nu ọ̀nà tí Àǹtí Bísí fi já báàgì náà gbà, tó sì rí funfun inú rẹ̀.

"Hẹ̀n-ẹ́n! Ìyàwó, ọkọ wo lò ń lọ fẹ́?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí, iṣẹ́ ni."

"Wọ̀ ọ́ jáde, kí gbogbo Ìjẹ̀bú lè mọ ẹni tó pa àbúrò mi!"

Jésù nìkan ni mo ń pè nínú ọkàn mi.

Ni ìlẹ̀kùn yàrá bá ṣí. Ìyá ọkọ mi ni, tí kì í fọhùn mọ́ láti ọjọ́ ìsìnkú.

"Bísí, ta ló bí òkú náà?"

"Ẹ̀yin ni, Màmá."

"Gbé báàgì yẹn fún un." Wọ́n kọjú sí mi. "Ìyàwó mi, bọ́ dúdú yẹn, kó o gbé e wá."

Wọ́n wọ bùbá mi lé tiwọn, wọ́n wé gèlè mi, wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà. "Ọ̀fọ̀ kò kúrò nílé yìí. Èmi ni mo bá a wọ̀ ọ́ títí yóò fi dé. Ẹni tó bá lẹ́jọ́, kó wá bá mi rò ó. Lọ! Má jẹ́ kí omijé kán sára funfun."

Nílé ìwòsàn, Mátírónì wò mí látòkè délẹ̀. Mo ń làágùn.

"Aṣọ yín mọ́. Ṣé ẹ lè bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé?"

Ògo! Ògo fún Jésù!

Nígbà tí mo dé, Màmá ṣì wà lórí àga, òógùn ti bò wọ́n nínú aṣọ méjì. Àǹtí Bísí ló ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ wọn.

"Wọ́n gbà ẹ́?"

"Wọ́n gbà mí, Màmá."

Wọ́n bọ́ ọ̀fọ̀ mi fún mi. Mo tún wọ̀ ọ́ nílé títí ó fi pé. Kò sí ọmọ mi kan tó kúrò lọ́dọ̀ mi.

Ìwọ tí ẹ̀rù ń bà bí ó ti bà mí, má ṣe rò pé gbogbo ilé ló dojú kọ ọ́. Máa pe Jésù. Ìlẹ̀kùn kan wà tí kò tíì ṣí.

Olúwa, mo dúpẹ́. Màmá náà ló jókòó sẹ́yìn yẹn. Ẹ bá mi kí wọn.