Igi Ọsàn Múnírátù Tí Mo Fi Òùngbẹ Pa

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi tán kí ẹ tó bú mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi. Ohun tó jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí ni pé bàbá tí mo bà lórúkọ jẹ́ wá bá mi níbi iṣẹ́ ní Ìlaròó lọ́sẹ̀ tó kọjá. Èmi yìí náà ló wá bẹ̀ pé kí n gba òun sílẹ̀.

Iṣẹ́ ìwádìí ni mò ń ṣe lórí igi eléso, láti mọ bí wọ́n ṣe ń fara da òùngbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Opó kan ní Òkè-Ọ̀dàn, Màmá Múnírátù, ló yọ̀ǹda igi ọsàn rẹ̀ fún mi. Mi ò débẹ̀ rí kí n má jẹun. Ó ní kí n lo gbogbo èyí tó wà lẹ́yìnkùlé, àfi ọ̀kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Ìdí igi náà ni wọ́n sin ibi ọmọ sí nígbà tó bí Múnírátù, àbíkẹ́yìn rẹ̀. Mo ní mo ti gbọ́.

Ṣùgbọ́n àwọn igi ẹ̀yìnkùlé sún mọ́ odò, gbòǹgbò wọn ń rí omi mu lábẹ́ ilẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn mú títí, wọn ò mira. Igi ẹ̀gbẹ́ ilé nìkan ló wà lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ojú mi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ ọ́.

Nígbà tí Màmá lọ sí Ìdí-Ìrókò lọ wẹ ọmọ tí àkọ́bí rẹ̀ bí, mo gbẹ́ kòtò yí igi náà ká, mo fi ọ̀rá bo ìdí rẹ̀ kí omi má baà kàn án, mo da ewé gbígbẹ lé e. Àwọn ará ilé wà lóko, kò sẹ́ni tó rí mi, wọ́n sì ti mọ̀ mí mọ́ ewé jíjá. Mo ní bí ewé bá ti kákò, màá tú ọ̀rá náà.

Ewé kákò. Mi ò tú u. Mo fẹ́ mọ ibi tí òùngbẹ máa dé tí igi ò ní lè padà bọ̀ sípò mọ́. Láràárọ̀ ni mò ń já ewé rẹ̀ sínú ẹ̀rọ tí mo fi ń wọn omi inú ewé, inú mi sì ń dùn sí ohun tí mò ń rí. Ìgbà tí mo wá bomi rin ín, ó ti pẹ́ jù, igi ti kú. Mo kó ọ̀rá mi, mo dí kòtò.

Màmá dé, ó bá igi gbígbẹ àti ilẹ̀ tí wọ́n tú. Ó jókòó sílẹ̀ nídìí rẹ̀. Ó ní ẹni tó pa igi ọmọ, ọmọ gan-an ló ń wá. Bàbá Kékeré, àbúrò ọkọ rẹ̀, ti sọ rí pé kí wọ́n gé igi náà kí òun lè fẹ ilé òun. Ọkàn Màmá lọ síbẹ̀. Ó wá yíjú sí mi.

"Ìwọ lo mọ igi, ọmọ mi. Àbí wọ́n da nǹkan sí i nídìí ni?"

Mo ní, "Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, Màmá."

Láti ọjọ́ náà, Màmá ò gba omi mu lọ́wọ́ Bàbá Kékeré mọ́.

Ní báyìí wọ́n fẹ́ so yìgì Múnírátù. Bàbá rẹ̀ ti kú, Múnírátù ò sì ní ẹ̀gbọ́n ọkùnrin. Bàbá Kékeré nìkan ló kù tó lè fà á fún ọkọ. Màmá ní òun ò ní fi ọmọ òun lé apànìyàn lọ́wọ́. Àáfà bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbà.

Ìdí tí Bàbá Kékeré fi wá bá mi ní Ìlaròó nìyẹn. Ó ṣí fìlà níwájú mi. "Dókítà, ẹ̀yin lẹ mọ̀ nípa igi. Ẹ bá mi sọ fún ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi pé igi lè gbẹ fúnra rẹ̀. Ó máa gbọ́ tiyín."

Ká ní ilẹ̀ lanu lọ́jọ́ yẹn, mi ò bá wọ inú rẹ̀ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Bí mo bá lọ sọ ohun tó ní kí n sọ, wọ́n á so yìgì, ojú ò sì ní tì mí. Ṣùgbọ́n irọ́ kejì nìyẹn. Bí mo bá sì jẹ́wọ́, báwo ni mo ṣe máa wo ojú Màmá tó ń fún mi lóúnjẹ? Mo mọ ohun tó yẹ. Ẹsẹ̀ mi ni kò gbé mi dé Òkè-Ọ̀dàn.

Mo sọ fún bàbá náà pé màá wá. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Kó tó lọ, ó ṣàdúrà fún mi pé Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí wọ́n purọ́ mọ́ èmi náà láyé.

Mo ṣe àmín.