Àga Tó Ṣófo Nídìí Tábìlì Irin

Ẹ̀yin ará, ẹ má pàtẹ́wọ́ fún mi. Ìran tí mo rí kò dùn, ó sì kan ọmọ bíbí inú mi, Dókítà Káyọ̀dé, tó jókòó síwájú yìí.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé ibà ló pa Mofẹ́, ọmọ ọmọ mi. Ẹ̀jẹ̀ ti tán lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé ìlànà ìtọ́jú tó wà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n má fa ẹ̀jẹ̀ sí ọmọ lára àfi bí awọ ojú rẹ̀ bá funfun. Ọmọ wa sì dúdú bí kóró iṣin. Mo na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tó ti funfun sí nọ́ọ̀sì, ó ní ìwé kò mẹ́nu kan àtẹ́lẹwọ́, kí n ní sùúrù. Orí sùúrù náà ni ó kú sí.

Ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n àtọwọ́dá, èyí tí àwọn òyìnbó fi àìsàn ọmọ tiwọn kọ́ lọ́gbọ́n, ló kọ ìlànà yẹn. Alága àwọn oníṣègùn kò kà á kí ó tó fọwọ́ sí i. Ta ni yóò wá bi àgbà léèrè bóyá ó kà á? Ni wọ́n bá ń fọwọ́ sí i tẹ̀ lé ara wọn, títí ó fi kan Káyọ̀dé tó kéré jù. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà kún ọjà yìí fọ́fọ́.

Lẹ́yìn àdúrà ọ̀sán lọ́jọ́ Ẹtì, oorun gbé mi lọ lórí ẹní. Ẹnìkan tó wọ aṣọ àlà ní kí n dìde, kí n tẹ̀ lé òun. A kọ́kọ́ dé abẹ́ igi kan, Mofẹ́ jókòó síbẹ̀, ó ń jẹ àgbálùmọ̀. Ó na àtẹ́lẹwọ́ sí mi: ó ti pupa padà. Mo bú sẹ́kún. Mo fẹ́ jókòó tì í, amọ̀nà fà mí lọ.

Ilẹ̀ là, a ń sọ̀ kalẹ̀, ooru ń bọ̀, èéfín ń bọ̀, igbe ń bọ̀, ẹsẹ̀ mi kò kanlẹ̀ mọ́, mo ń pe Jésù, mo ń pe Jésù, títí a fi dé ìdí tábìlì irin kan tó pọ́n kankan. Àwọn oníṣègùn jókòó yí i ká, iná ń jó wọn, omi tútù wà láàárín wọn, kò sẹ́ni tó lè mu ún ṣáájú alága. Alága tẹjú mọ́ ẹ̀rọ, ó ń bi í bóyá iná ń jó òun. Ẹ̀rọ ní awọ ojú rẹ̀ kò tíì funfun, kí ó ní sùúrù.

Amọ̀nà ní, "Wọ́n ṣì wà láyé. Ibi tí wọ́n ń lọ lò ń wò."

Ẹ̀yin ará, inú mi dùn, mo rẹ́rìn-ín. Mo ní kí wọ́n ju ẹ̀rọ náà pàápàá sínú iná. Amọ̀nà ní, "Ẹ̀rọ kò ní ọkàn. Àwọn tó ní ọkàn là ń bi léèrè."

Ìgbà náà ni mo rí àga kékeré kan tó ṣófo. Aṣọ dókítà wà lórí rẹ̀, bọ́tìnnì tí mo fi òwú pupa rán ṣì wà láyà rẹ̀. Ẹ̀rín pa rẹ́ lẹ́nu mi. Mo wólẹ̀, mo ń bẹ̀bẹ̀.

"Ó rí àṣìṣe náà, ó dákẹ́ nítorí àgbà," ni amọ̀nà wí. "Bí wọ́n bá tún péjọ tó sì tún dákẹ́, yóò wá jókòó."

Nígbà tí mo jí, òógùn ti mú ẹní tutù. Mo bi Káyọ̀dé. Ó ní, "Màmá, mo rí i, ṣùgbọ́n alága ti fọwọ́ sí i. Kí ni mo fẹ́ sọ?"

Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n tún ń péjọ. Káyọ̀dé, má wo ilẹ̀, èmi ìyá rẹ ni mo ń bá ọ sọ̀rọ̀ lójú ìjọ. Dọ̀bálẹ̀ fún alága bí mo ṣe kọ́ ọ. Tí o bá ti dìde, kí o sọ fún un pé àtẹ́lẹwọ́ ọmọ ni kí wọ́n máa wò.