Àlá Tí N Kò Lá Nípa Ìyá Ọ̀gá

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ewé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi kí ẹ tó bú mi. Irọ́ kan ni mo pa mọ́ òkú nígbà tí mo wà lọ́mọge. N kò sọ ọ́ fún ọkọ mi títí ó fi kú. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ẹni tí mo parọ́ náà fún ránṣẹ́ pè mí, ọkàn mi kò sì balẹ̀ mọ́.

Ní nǹkan bí ọdún 1978 ni. Àkúrẹ́ ni olú-ìlú ìpínlẹ̀ wa nígbà náà, èmi sì jẹ́ táípíìsì ní ọ́fíìsì ìjọba kan ní Fájuyì, ní Adó-Èkìtì. Ọ̀gá wa, ọmọ Ìgbẹmọ, ojú rẹ̀ le koko bí ojú ẹja. Òyìnbó nìkan ló ń sọ sí wa.

Ìyà tó fẹ́ràn jù ni ìyà àga. Bí o bá pẹ́ dé, tàbí o rẹ́rìn-ín sókè, yóò gbé àga rẹ wọ yàrá tirẹ̀, ìwọ yóò sì dúró ṣiṣẹ́. Èmi náà ti dúró tẹ̀wé rí, ẹ̀yìn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kán. A máa ń pè é ní Káfíńtà lẹ́yìn, nítorí àga ló kún yàrá rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Bàbá Múfú, mẹ́séńjà wa, ló kọjá ẹ̀rín. Wọ́n ti dàgbà, ó kù díẹ̀ kí wọ́n fẹ̀yìn tì. Ọ̀gá gba àga wọn nítorí pé wọ́n lọ kírun, kò sì dá a padà. Ẹsẹ̀ Bàbá wú. Mo bẹ Ọ̀gá, ó lé mi jáde. Bàbá ní, “Ọmọ mi, fi sílẹ̀. Ọlọ́run ò sùn.” Inú bí mi. Mo ní Ọlọ́run lè má sùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n èmi ń sùn, mo sì lè lá àlá.

A mọ̀ pé ìyá Ọ̀gá ti kú. N kò rí wọn rí. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo lá àlá nípa màmá yín. Wọ́n wọ ọ́fíìsì yìí wá, wọ́n ń wá ibi tí wọn yóò jókòó sí. Kò sí àga.”

Mo rò pé ẹ̀rù lásán ni yóò bà á. Òyìnbó pòórá lẹ́nu rẹ̀, èdè Èkìtì ló fi sọ̀rọ̀. “Ìyé mi kẹ̀? Nínú ulé uṣẹ́ yìí?” Ó bú sẹ́kún. Ó ní nígbà tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ipò ní Ìbàdàn, ìyá òun gbé iṣu wá kí òun níbi iṣẹ́. Ojú ti òun lójú àwọn ẹlẹgbẹ́ òun, òun sì fi ìyá òun sílẹ̀ lóòró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí iṣẹ́ fi parí. Wọn kò padà wá mọ́ títí wọ́n fi kú.

Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló gbé àwọn àga jáde. Ti Bàbá Múfú ló kọ́kọ́ gbé.

Ẹ jọ̀ọ́, n kò ní parọ́ lé irọ́: inú wa dùn. Ara wa ń yá láti lọ síbi iṣẹ́. Ọ̀gá ń bá wa jẹ bọ̀ọ̀lì àti ẹ̀pà, ó ń fi èdè Èkìtì dá wa lóhùn, ó sì ń fi àga lọ ẹnikẹ́ni tó bá wọlé, bó ti wù kí aṣọ rẹ̀ gbó tó. Ẹsẹ̀ Bàbá Múfú sàn. Títí dòní, bí mo bá rántí, mo máa ń rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n nígbàkigbà tí Ọ̀gá bá rí mi, ó máa ń rẹ ohùn sílẹ̀ bi mí pé, “Ṣé o tún rí wọn? Ṣé wọ́n ti jókòó?” Èmi á ní, “Rárá, sà.” Òótọ́ tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà kò ju ìyẹn lọ.

Ó ti darúgbó báyìí, àìsàn dá a dùbúlẹ̀ ní Ìgbẹmọ. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló wá sọ pé bàbá òun ń bèèrè mi, kí n wá ní Sátidé. Mo mọ ohun tó fẹ́ bi mí. Bí mo bá jẹ́wọ́, yóò mọ̀ pé ìyá rẹ̀ kò wá rárá. Bí mo bá ní wọ́n ti jókòó, irọ́ kejì nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ohun tó ń retí nìyẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn kó tó di Sátidé. Láti ọjọ́ tó ti ránṣẹ́ sí mi ni mo ti ń gbé àga kan sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn mi kí n tó sùn, bóyá ìyá náà á wá lóòótọ́.