Ọ̀rá Tí Alhaja Nusirat Ń Ré Kúrò Lórí Omi Ọyàn

Alhaja Nusirat ò lè dákẹ́ mọ́. Ó ní kí Kabirat, ọmọ òun, jókòó, kó gbọ́ òótọ́; bí òun bá gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ sàréè, kí ni òun fẹ́ wí fún Ọlọ́run?

Nọ́ọ̀sì Moráyọ̀, tó máa ń wá wọn ọmọ nílé wọn ní Glyndon Estate, ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé Naheem, ọmọ tí Kabirat bí, kúrò lórí òṣùwọ̀n ni. Oṣù ọmọ náà ò pé kí wọ́n tó bí i, kò sì tóbi rárá. Wọ́n ti po ìyẹ̀fun aṣaralóore mọ́ omi ọyàn tí Kabirat ń pump sínú ìgò, wọ́n ti ń kán vitamin sí i lẹ́nu, pàbó ló já sí. Nọ́ọ̀sì ní bó bá ń bá a lọ báyìí, àfi kó padà sí hospital. Ni Kabirat bá bú sẹ́kún: "Omi lásán ló wà lọ́yàn mi, Màámi. Èmi ni mò ń pa ọmọ mi."

"Kì í ṣe ìwọ, èmi ni," Alhaja dáhùn. "Bó o bá ti gbé ìgò yẹn sí fridge, ọ̀rá máa ń léfòó bíi bọ́tà. Èmi ni mò ń fi ṣíbí ré e dà sí sink. Dókítà Ìjẹ̀bú-Òde ló sọ fún mi pé ọ̀rá ló pa bàbá yín, mo ní kò ní wọnú ọmọ-ọmọ mi. Àgbàyà ni mí. Lánàá tó ò ń sunkún pé omi ọyàn rẹ ṣàn jù, èmi náà ni mò ń rẹ̀ ọ́ lẹ́kún. Mo mọ ohun tí mo ṣe, mo panu mọ́."

Moráyọ̀ ò bínú. "Mummy, ọ̀rá yẹn gan-an lara ẹ̀ fi ń dáná kó lè móoru. Òun lọpọlọ ẹ̀ fi ń dàgbà. Vitamin tá à ń fún un, inú ọ̀rá ló ń bá wọ ara. Kò ní lọ sí hospital lónìí. Màá padà wá wọ̀n ọ́n ní Mọ́ńdè."

Ẹnu ya Alhaja. Ó tẹjú mọ́ àyà ọmọ tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Subhanallah. Ẹ̀dá kékeré yìí ń dáná nínú ara rẹ̀, ó ń mọ ọpọlọ tirẹ̀, kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Òun àgbà ló ń yọ igi nídìí iná.

Ó fẹ́ kúnlẹ̀ fún ọmọ tó bí. Kabirat dì í mú. Ó wọ kíṣìnnì, ó pẹ́ níbẹ̀, ó gbé ìgò kan tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ jáde, ọ̀rá rẹ̀ pé lórí rẹ̀.

"Ẹ rọra mì í pọ̀, Màámi. Ẹ̀yin lẹ máa fún un."

Alhaja mì í pọ̀, ó fi í sẹ́nu ọmọ náà. Bí Naheem ṣe ń fà á ló ń bẹ̀ ẹ́, ó ń bẹ ọmọ tí kò tíì mọ̀ pé wọ́n ṣẹ òun, títí kò fi ku ẹ̀kán kan nínú ìgò.