Abọ́ Omi Tí Kò Mì

Oògùn ni mo gbé mì kí wọ́n lè yìn mí pé mo ti fi oògùn sílẹ̀. Ẹ tún un kà dáadáa kí ẹ tó rẹ́rìn-ín. Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta, mo kàwé mẹ́fà, mo mọ ampilifáyà tún ṣe débi pé àwọn ará Àlàbá máa ń gbé èyí tó ti kú pátápátá wá fún mi. Síbẹ̀, mo hùwà òmùgọ̀ yẹn. Òun ló fà á tí adájọ́ fi ní kí wọ́n so mí rọ̀ títí ẹ̀mí yóò fi bọ́ lára mi.

Nínú yàrá tí mo wà yìí, tí mo bá ti gbọ́ ìró kọ́kọ́rọ́ wọ́dà láàárọ̀, ìdí garawa ìgbọ̀nsẹ̀ ni ẹ ó ti bá mi, inú mi ti yọ́. Ẹ̀wà ni wọ́dà sì gbé wá, kì í ṣe okùn. Ẹ wo ọkùnrin. Èmi yìí kan náà ni wọ́n ń pè ní Bàbá Ìfàyàbalẹ̀ ní Ìbà.

Ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ ń dùn mí. Ọjọ́ kan ni a ń já ẹrù sọ̀kalẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù mi ní Àlàbá, àwọn sípíkà tó ga tó ọmọdé. Ẹnì kan tí a jọ ń tajà na hóró trámádọ̀ kan sí mi, oògùn ara ríro. Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ lo ẹyọ kan yìí, ẹ ó gbé e bí igbá òfìfo." Mo gbé e bí igbá òfìfo lóòótọ́. Ohun tó ba ayé mi jẹ́ náà nìyẹn: ó ṣiṣẹ́. Ká ní kò ṣiṣẹ́ ni, inú ilé mi ni ǹ bá wà báyìí, tí màá máa bú ẹni tó fún mi.

Kí ọdún kan tó yí po, mo ti ń lo mẹ́sàn-án lóòjọ́. Mò ń sùn lórí ìdúró. Ìyàwó mi kó ẹrù rẹ̀ lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọjọ́ mẹ́ta kí n tó mọ̀. Bùkọ́lá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ló gbà mí sílé ní Òkókómáíkò. Ọ̀sán ọjọ́ kan, mò ń fi irin gbígbóná jó wáyà nínú pálọ̀ rẹ̀, ni mo bá ń gbóòórùn ẹran.

Mo ní, "Bùkọ́lá, ta ló ń sun ẹran ládùúgbò yìí?"

Ó ní, "Àǹkù, itan yín ló ń jó."

Ọjọ́ kejì ló fi ọ̀kadà gbé mi lọ sí Ìbà, sọ́dọ̀ Ìyá Àdúrà. Ìjọ aláṣọ funfun ni wọ́n, wọ́n sì ní yàrá mẹ́rin lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń gba àwọn bíi tèmi sí. Oògùn ló pa ọmọ Ìyá fúnra wọn. Wọn kì í na ènìyàn, wọn kì í de ènìyàn mọ́lẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ mú mi lọ rí dókítà, títí ara mi fi dẹ́kun gbígbọ̀n. Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú mi wọ àṣàrò.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, a ó bọ́ bàtà, a ó jókòó sórí iyanrìn, àwa méje àti Ìyá. Oníkálukú á gbé abọ́ omi lé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lórí itan, omi á kún dé etí. A ó dákẹ́ fún wákàtí kan. Tí omi ẹni bá dànù, yóò dìde lọ pọn òmíràn, yóò sì padà wá jókòó. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin ará, èmi ò mọ̀ pé ariwo pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú orí mi. Ńṣe ló dà bí ìgbà tí gbogbo ṣọ́ọ̀bù Àlàbá bá ń dán sípíkà wò lẹ́ẹ̀kan náà. Ọkàn mi ń bá ìyàwó mi jà, ó ń tú ampilifáyà, ó ń ka hóró trámádọ̀ bí ẹni ń ka ìlẹ̀kẹ̀, ó ń bi mí bóyá Ìyá mọ̀ pé mo ti só. Mo da omi nù lẹ́ẹ̀mẹfà lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Aṣọ funfun mi rin gbingbin níwájú bíi ti ọmọ tó tọ̀ sára.

Ẹnì kan wà tó burú jù mí lọ, Múfútáù, alábàárù ní Àlàbá. Mùsùlùmí ni, ọmọ Abẹ́òkúta, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Múfú kì í lè jókòó ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìyá á sọ fún un pé, "Múfú, o lọ pọn omi lẹ́ẹ̀mẹjọ lónìí. O ṣeun." Mo rò pé yẹ̀yẹ́ ni wọ́n ń fi í ṣe. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ tèmi náà. Mo ní, "Múfú, ṣé kí a kúkú gbẹ́ kànga síwájú rẹ?"

Lọ́jọ́ tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n rán mi lọ ra búrẹ́dì lójú títì Ìbà. Mo ra búrẹ́dì. Mo ra nǹkan mìíràn. Mo gbé hóró méjì mì kí a tó jókòó nírọ̀lẹ́, mo sì rán ìyókù mọ́ etí aṣọ ìjọ mi.

Omi mi ò mì. Eṣinṣin bà lé imú mi, mi ò mira. Wákàtí pé, wọ́n ní kí a dìde, mo ṣì wà níbẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, àwọn obìnrin ìjọ ti ń gbé ike wá bu omi abọ́ mi lọ sílé. Wọ́n ní omi tí kò mì, agbára wà nínú rẹ̀. Ọ̀kan tiẹ̀ fi wẹ ọmọ rẹ̀. Omi tó wà lórí itan ẹni tó ti yó ni wọ́n ń mu, wọ́n ń jẹ́rìí, èmi náà sì ń gbórí jẹ́ẹ́ bí ère.

Ìyá bi mí pé, "Ṣé ó ti rọ̀ ọ́ lọ́rùn tó báyìí?"

Mo ní, "Olúwa ni, mà."

Wọ́n wò mí pẹ́ títí.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, ó kan èmi àti Múfú láti fọ aṣọ ìjọ nídìí kànga. Ọwọ́ rẹ̀ bá etí aṣọ mi.

"Bọ̀dá, kí lèyí?"

"Oògùn ibà ni."

"Ibà wo ló ń gbé etí aṣọ?"

Ó tú òwú náà. Ó rí wọn, ó sì gbé itọ́ mì. Mo ní, "Mú méjì níbẹ̀, kí o pa ẹnu dé."

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi. Ó ń wù mí. Ẹ jẹ́ ká jọ kó o lọ fún Ìyá kí n tó gbé e mì."

Ó dì wọ́n mọ́wọ́, ó kọjú sí ilé Ìyá. Ohun tí mo rò nígbà yẹn, ẹ̀rù ń bà mí láti kọ ọ́: mi ò rò ó pé wọ́n á lé mi. Àwọn obìnrin oníke ni mo rò, pé wọ́n á máa fi mí rẹ́rìn-ín. Búlọ́ọ̀kù kan wà tí a fi ń tẹ ìdérí kànga. Mo fẹ́ kọ fún yín pé ẹ̀ẹ̀kan ni mo là á mọ́ ọn lórí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni.

Mo tú ọwọ́ rẹ̀, mo gbé hóró mẹ́ta mì, mo da ìyókù sínú kànga, mo wọ aṣọ mìíràn. Mo lọ jókòó sí àṣàrò ìrọ̀lẹ́, abọ́ omi lórí itan. A ò tíì pẹ́ níbẹ̀ tí obìnrin kan tó lọ fa omi fi lọgun lẹ́yìn ilé pé òkú Múfú rèé.

Ọlọ́pàá kó gbogbo wa. Kò sí ẹni tó rí mi. Àwọn obìnrin oníke wá sí kóòtù, wọ́n ń búra pé ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀ kò lè ṣe é. Lọ́yà mi ń fọwọ́ pa irùngbọ̀n, mo sì ń mi orí bíi wòlíì. Ọrùn mi ni mo ń dáàbò bò.

Ní báyìí, mò ń jókòó láàárọ̀, kọ́ọ̀pù omi onírọ́bà ni mo gbé lé itan, kò sì sí hóró kankan. Ariwo Àlàbá ṣì wà nínú orí mi. Múfú náà wà níbẹ̀. Wọ́dà ní, "Bàbá, ẹ tún ti tọ̀ sára." Mo ní kó bá mi bu òmíràn wá.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka èyí, ẹ̀yin tí ẹ ń wá ohun tí yóò pa ariwo orí yín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kó máa pariwo. Ẹ da omi nù. Ẹ dìde lọ pọn òmíràn. Ojú á tì yín, aṣọ yín á tutù, ẹnì kankan ò ní gbé ike wá bá yín. Dída omi nù kò pa Múfú. Èmi tí mi ò fẹ́ kí ojú tì mí ló pa á.

Wọ́n pe Ìyá Àdúrà sínú àpótí ẹlẹ́rìí gbẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ níbẹ̀ ló gbé mi dìde lórí ìjókòó tí mo fi jẹ́wọ́, tí lọ́yà mi fẹ́rẹ̀ẹ́ fi fáìlì lù mí lẹ́nu. Òun fúnra rẹ̀ ló béèrè ìbéèrè náà.

Ó ní, "Mà, ṣé lóòótọ́ ni pé nígbà tí wọ́n kígbe, omi ọwọ́ ọkùnrin yìí ò dànù?"

Ìyá ní, "Lóòótọ́ ni."

Ó rẹ́rìn-ín sí adájọ́. "Ṣé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ènìyàn lè fọkàn balẹ̀ tó bẹ́ẹ̀?"

Ìyá ò wò ó. Èmi ni wọ́n ń wò.

"Ọmọ mi, nígbà tí obìnrin yẹn kígbe, omi gbogbo wa ló dànù. Tèmi náà dànù. Àwa la ò pa ẹnì kankan."