Iyùn Méje Inú Agolo

Ẹ jókòó dáadáa. Ìyá Àkànkẹ́, ẹ ṣeun tí ẹ ti Kambolé wá. Bàbá Àzíìzì, ọkọ mi, ẹ sún mọ́ mi. Sàdíátù, má gbé ife omi yẹn sílẹ̀, tìrẹ ni ọ̀rọ̀ yìí. Dókítà ti sọ iye ọjọ́ tó kù fún mi, n kò sì fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ sàréè. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Tèmi kò tó ogún, mẹ́sàn-án ni. Ọdún mẹ́sàn-án tí ẹ fi ń pe Sàdíátù, àbúrò ọkọ mi, ní olè. Kò jalè. Èmi Kàrímọ́tù ni mo ṣe é.

Ẹ mọ iṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ tí mo ń ṣe nílé níhìn-ín ní Komah: abẹ́rẹ́ tín-ín-rín, òwú ọ̀rá, àlùmọ́gàjí, àbẹ́là kan. Ìlẹ̀kẹ̀ rọ́bà ni mo mọ̀ ọ́n sín jù. Bí ihò rẹ̀ bá há, màá ki abẹ́rẹ́ bọ iná àbẹ́là, màá fi gún un, ihò á fẹ̀. Nígbà tí Ìyá Àkànkẹ́ gbé iyùn ìyá wọn fún mi pé kí n tún un sín fún ìgbéyàwó Fàdílà, ọmọ ọmọ wọn, òwú ọwọ́ mi nípọn ju ihò rẹ̀ lọ. Kàkà kí n wá òmíràn, mo ki abẹ́rẹ́ bọ iná. Iyùn kan là sí méjì. Ọlọ́gbọ́n ì bá dúró níbẹ̀. Èmi ní bóyá ìyẹn ti sán tẹ́lẹ̀, mo tún gún òmíràn. Méje ló fọ́ kí orí mi tó pé.

Ẹ̀rù bà mí. Mo lọ sí Tchamba, mo ra ìlẹ̀kẹ̀ rọ́bà pupa méje, mo sín wọn mọ́ iyùn tó kù, mo ta kókó rẹ̀ le, mo sì fi rán Sàdíátù, tó wá kí wa láti ilé ọkọ rẹ̀, sí Kambolé. Ó bi mí pé, "Ìyàwó wa, ṣé ó pé?" Mo ní, "Ó pé." Lóòótọ́, iye rẹ̀ pé.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ìyá àgbà kan nínú àwọn àna ní ìlẹ̀kẹ̀ náà fúyẹ́. Ó fi abẹ́rẹ́ gbígbóná kàn án, òórùn rọ́bà gba yàrá. Ẹ pè mí: "Kàrímọ́tù, kí lo fún Sàdíátù?" Mo wo Sàdíátù lójú, mo ní, "Iyùn ni mo fún un." Sàdíátù gbé ọwọ́ lé Kùránì, ẹ kò gbà á gbọ́. Kò sí ẹni tó ní kí èmi búra. Ọkọ Sàdíátù ní Goubi sọ pé òun kò lè fi olè ṣe aya, ó kó ẹrù rẹ̀ síta.

Ta ló gbà á sílé? Èmi náà ni. Gbogbo Komah ń kí mi: "Ọlọ́run á san án fún ẹ, o ṣàánú olè." Mo ń ṣe àmín. Àmín! Ẹnu mi yìí. N kò lè lé e, n kò lè wò ó lójú, n kò sì lè jẹ́wọ́. Oúnjẹ ọwọ́ rẹ̀ di yanrìn lẹ́nu mi. Láti ìgbà tí àìsàn ti dá mi dùbúlẹ̀, òun ló ń wẹ̀ mí.

Bàbá Àzíìzì, ẹ wo abẹ́ ibùsùn, agolo mílíìkì kan wà níbẹ̀. Ẹ ṣí i. Iyùn méje náà nìyẹn. N kò lè wọ̀ ọ́, n kò lè tà á, n kò lè jù ú nù.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ yìí, bí ohun olóhun bá fọ́ mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ sọ ọ́ kí ẹ tó ta kókó.

Ìyá Àkànkẹ́, ẹ foríjì mí. Mo ti bẹ Ọlọ́run, ṣùgbọ́n Àlùfáà ti kọ́ wa pé ẹni tí a bá ṣẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ̀ǹda. Sàdíátù, mo ti sọ ọ́. Òùngbẹ ń gbẹ mí. Bí o bá fẹ́ gbé ife náà kúrò nísinsìnyí, gbé e kúrò.