Òróró Tí Ẹ Dà Sí Àpọ́nlé Lórí

Ẹ má wọlé, Mọ́mì Jabez! Ẹ dúró síbi tẹ́ ẹ wà yẹn! Ẹ ò ní í tilẹ̀kùn mọ́ mi lónìí, àárín ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbí la ó ti sọ ọ́, kí gbogbo àdúgbò Ilo-Awela gbọ́. Kí ni Àpọ́nlé fi ṣe yín? Ọmọ ológbò tí ò tíì tóbi tó bàtà yín, ẹ gbé odindi ìgò òróró àdúrà, ẹ dà á sí i lórí, ẹ tún ń pariwo “Iná! Iná!” Iná wo? Ṣé ẹ fẹ́ sun ún jẹ ni?

Ẹ ní kí ni? Ẹ ní ẹ rí ọwọ́ tó ń yọ lábẹ́ kọ́tìnnì yín nígbà tẹ́ ẹ ń gbàdúrà? Súbùhánà Lọ́ọ̀! Fáànù yín ló ń fẹ́ kọ́tìnnì, kọ́tìnnì ń jó, ọmọdé rí ohun tó ń jó, ó ní kóun bá a ṣeré! Àjẹ́ tó bá fẹ́ mú yín, ṣé etí kọ́tìnnì ni yóò máa fà?

Ẹ ò mọ ohun tójú èmi Àdìzát rí kí ẹran yẹn tó lè ṣeré. Lọ́jọ́ tí mo gbà á lọ́wọ́ Ìyá Naimat ní Joju, abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù ló sá wọ̀. Mo húkọ́, ó sá. Mo tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ mi, ó sá. Èmi àgbàlagbà, mo dùbúlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì, mò ń fi òwú tàn án, mò ń fi ẹja gbígbẹ bẹ̀ ẹ́, ó ń yọ imú díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ fò mọ́ òwú, tó ta tàkìtì, wọ́láì, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Láti ìgbà tí Waliyullah ọmọ mi ti lọ gbé ní Kánò, ta ló ń pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà bí kì í ṣe òun? Mo fẹ́ràn rẹ̀! Ṣé ẹ gbọ́?

Àbí ta ló gbààwẹ̀ nítorí èkúté nílé yìí? Ẹ dáhùn! Ṣebí ẹ̀yin náà ni? Yunifásítì gbà yín síṣẹ́, ẹ kó dé ilé yìí, èkúté jẹ aṣọ akọrin yín lápá, ẹ sunkún dé ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ ní kí Olúwa gbà yín. Ẹ tún rí èkúté kankan láti ìgbà tí Àpọ́nlé dé? Òórùn rẹ̀ lásán ló lé wọn! Ọlọ́hun dá yín lóhùn, ẹ da òróró sí ìdáhùn náà lórí, ẹ tún fi ìgbálẹ̀ lé e!

Ẹ má ka Bíbélì sí mi létí, mi ò bá ẹ̀sìn yín jà. Láti àárọ̀ ni Àpọ́nlé ti padà sábẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Irun rẹ̀ lẹ̀ mọ́ra, ó ń lá òróró náà, kò tán. Mo na ẹja sí i, ó yọ eyín sí mi. Èmi tí mo ń bọ́ ọ! Ohun tẹ́ ẹ ṣe fún mi nìyẹn, ìyẹn ló ń dùn mí.

Ó yá, ẹ bọ́ bàtà. Ẹ mú ẹja inú ọbẹ̀ yín dání, ẹ wá kúnlẹ̀ níwájú kọ́bọ́ọ̀dù mi, ẹ bẹ̀ ẹ́. Wọ́láì, ẹ ò ní í dìde níbẹ̀ títí yóò fi jáde. Ẹ má sì pariwo o, ojú ń tì í!